Ẹ̀rọ Ifọ̀ Tó Ń Jẹ́ Ìpè Lásán

Inú ṣì ń bí mi. Ẹni tó ní kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí.

Iléeṣẹ́ tí mo bá ṣiṣẹ́ ní Mòwé ló ń tọ́jú fọ́tò egungun fáwọn ilé ìwòsàn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ mẹ́ta la ní: ọ̀kan ní Mòwé, ọ̀kan ní Àkútè, ọ̀kan ní Ifọ̀. Ẹ̀dà fọ́tò kọ̀ọ̀kan wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọ̀kan má baà kú kó gbé gbogbo ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan wà nínú ètò tó ń darí wọn. Ẹ̀rọ Ifọ̀ a máa dákú lójú ṣíṣí. Táwọn yòókù bá pè é, á ní òun wà. Tí wọ́n bá ní kó gbé fọ́tò wá, kò ní gbé e, kò sì ní kọ̀. Làwọn yòókù á bá jókòó máa retí rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà tiwọn lọ́wọ́.

Mo bá ọ̀gá wa sọ ọ́. "Mo ti rí ibi tó ti bàjẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe."

"Ṣé ó ti kú ni? Tó bá tún dákú, pa á, kí o tún un tàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo wà ní ilé ìwòsàn kan ní Lotto nítòsí Mòwé, ọ̀kan lára àwọn oníbàárà wa, nígbà tí wọ́n gbé káfíńtà kan dé. Orí òrùlé ló ti já bọ́. Wọ́n ti fi irin sí itan rẹ̀ nígbà kan rí, dókítà sì fẹ́ rí fọ́tò àtijọ́ náà kó tó fọ̀bẹ kàn án. Akọ̀wé ilé ìwòsàn tẹ kọ̀ǹpútà títí, kò rí nǹkan kan. Ìyàwó káfíńtà kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa wá a."

Mo pe ọ̀gá wa. Ó ní, "Sọ fún wọn pé akọ̀wé wọn ló tẹ ohun tí kò yẹ."

Akọ̀wé gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú fóònù. "Èmi? Kí ni mo tẹ̀?"

Ara mi gbóná. Mo pa fóònù, mo ṣí kọ̀ǹpútà mi, mo yọ ẹ̀rọ Ifọ̀ kúrò láàárín àwọn yòókù. Kíá ni fọ́tò jáde. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ ti lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Káfíńtà ń rìn báyìí, àmọ́ ó ń tiro. Dókítà ní kì í ṣe ìdádúró yẹn ló fà á. Èmi ò mọ̀.

Ọ̀gá wa gbé lẹ́tà kan síwájú mi, tó di ẹ̀bi ru akọ̀wé. "Buwọ́ lù ú."

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè buwọ́ lu irọ́."

Mo kọ òtítọ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi gbé e fún ilé ìwòsàn. Akọ̀wé kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́wọ́ mi ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì.

Ìyàwó káfíńtà pè mí láti dúpẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dúpẹ́. Mo mọ àtúnṣe náà tipẹ́; àṣẹ ni mò ń dúró gbà.