Fìlà Àrán Tí Mo Tú Jáde Nínú Ìdọ̀tí

Inú ṣì ń bí mi. Ó ti lé ní ọdún kan, síbẹ̀ bí mo bá ti wakọ̀ gba ọ̀nà The Woodlands kọjá, àyà mi á tún gbóná.

Ibẹ̀ ni mo ti tọ́jú ìyá arúgbó kan fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ Wales ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọmọkùnrin wọn kan ṣoṣo, ẹnjiníà ní Energy Corridor, àdúgbò tí àwọn ilé iṣẹ́ epo pọ̀ sí, ló mú wọn wá sí Houston. Èmi ni mò ń wẹ̀ fún wọn, tí mò ń fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ wa wọ̀ débi pé "Màmá" ni mò ń pè wọ́n.

Lára ògiri yàrá wọn ni fìlà àrán pupa kan wà, tó ní wajawaja wúrà. Bí mo bá ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀, ìtàn fìlà yẹn ni wọ́n máa ń sọ fún mi. Bàbá wọn ló ni ín. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni bàbá náà ti ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀, ó sì ń gbá rọ́gíbì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń gbá mọ́ àyà sáré, títí wọ́n fi mú un pé kó gbá a fún orílẹ̀-èdè wọn. Ẹni tó bá gbá a fún Wales ni wọ́n ń fún nírú fìlà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ aṣọ pupa tí wọ́n fi ń gbá a fún Wales.

Wọn kì í sanwó fún un o. Àwọn ọlọ́lá inú ìgbìmọ̀ tó ń darí eré náà ní ẹni tó bá gbowó nídìí rọ́gíbì ti ba eré jẹ́. Àwọn tí kò mọ bí èédú ṣe ń wọni léèékánná! Nígbà tí wọ́n ti ibi ìwakùsà pa, tí ìyàwó sì lóyún, bàbá lọ sí àríwá ilẹ̀ England, níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù. Kò ju ọdún méjì lọ tí orúnkún rẹ̀ fi yẹ̀. Ó padà sílé. Ẹgbẹ́ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún láti kékeré ti fi ọ̀dà pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára pátákó wọn, wọn ò sì jẹ́ kó wọ géètì wọn mọ́ títí tó fi kú.

"Orí òkè tó kọjú sí pápá ló máa ń gbé mi lọ," Màmá wí. "Mo bi í pé kí ló dé tí a ò wọlé. Ó ní, 'Ibí yìí la ti ń rí i dáadáa.'"

Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ìbínú ni, kì í ṣe àánú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé, mo bá àwọn báàgì ìdọ̀tí dúdú létí títì. Ọmọ Màmá ti pinnu láti gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó sì ń palẹ̀ yàrá mọ́. Wajawaja wúrà ń yọ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà. Mo fi ọwọ́ lásán tú u. Fìlà wà láàárín èèpo ẹyin àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí.

Mo gbé e wọlé lọ bá ọmọ Màmá nínú yàrá wọn. Ọkùnrin náà tó ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó yẹ kí n máa fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nínú ọkàn mi, àmọ́ ọkàn mi kọ̀.

"Kí lèyí ń ṣe nínú ìdọ̀tí?"

"Kòkòrò ti jẹ ẹ́," ó ní. "Ta ló mọ rọ́gíbì ní Texas?"

"Bàbá ìyá rẹ ló ni ín!"

"Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o wẹ̀ fún ìyá mi. Ìwọ kọ́ lo máa yan ohun tí mo máa dà nù."

Mo kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò tó mi sọ mọ́, mo bọ́ sí Yorùbá: "O ò tiẹ̀ lójútì! Ṣé inú igi lo ti já bọ́ ni?"

Màmá gbọ́ ariwo. Wọ́n nawọ́, wọ́n gba fìlà, wọ́n dé e tòun ti ìdọ̀tí ara rẹ̀. Wọn ò ṣí i títí ọkọ̀ fi gbé wọn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ilé iṣẹ́ tó gbà mí ní kí n má padà wá mọ́, pé mo jágbe mọ́ oníbàárà.

Lọ́jọ́ Sunday, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ kí Màmá ní ilé ìtọ́jú náà. Mo ní, "Ṣé ẹ ò sọ ìtàn yìí fún un rí ni?"

"Kò béèrè rí," wọ́n ní.

Inú tún bí mi, sí Màmá gan-an lọ́tẹ̀ yìí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́! Èmi náà ò béèrè, ẹ sọ fún mi. Ẹ pè é."

Mo tẹ fóònù, mo gbé e sí wọn létí. Ohun tí wọ́n sọ kò ju "Máa bọ̀" lọ.

Ó dé. Kò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ tí Màmá ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò èédú, mo sì mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi, mo jáde.