Ilé Onítáyà Tí Ọkọ Mi Fà Wálé

Katakata ni ọkọ mi ń wà fún ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe títì, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn òyìnbó ibẹ̀ ń palẹ̀ káǹpù wọn mọ́, ó ra ilé kékeré kan lọ́wọ́ wọn, èyí tí ọ̀kan nínú wọn máa ń sùn sí lẹ́nu iṣẹ́. Kárafáànù ni wọ́n ń pè é. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe gbogbo ara rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe táǹkì omi. Ó funfun, ó rí roboto bí ẹyin, táyà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, irin gígùn kan sì wà níwájú tí wọ́n fi ń so ó mọ́ ìdí mọ́tò. Mo jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi níwájú ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí mo rí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ń fà á bọ̀, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé e.

"Kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe, Dádì?" Mo bi í.

"Màá máa fi lọ sóko." Ó wọlé lọ.

Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé lóòótọ́, igi káṣú ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò sùn síbẹ̀ rí. Bó bá lọ láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ kì í bá a lọ́hùn-ún. Kí lèèyàn wá ń wá ilé àfàkiri fún, nígbà tí ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ṣì dúró? Mò ń ránṣọ lọ, àmọ́ ara ti ń fu mí.

Ó ní ọ̀nà oko kò dára, pé òkúta àti kòtò ló wà níbẹ̀, odò kan sì tún wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ là kọjá. Títì ọlọ́dà ni wọ́n ṣe kárafáànù náà fún, abẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ó pe àwọn wẹ́dà tó ń jó irin wá. Wọ́n tú irin tó so àwọn táyà rẹ̀ pọ̀, wọ́n fi èyí tó nípọn rọ́pò rẹ̀, wọ́n gbé sípíríìn píkọ́ọ̀pù àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì wọ táyà gíga sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ga débi pé mo ní láti dúró lórí àpótí kí n tó lè wọ inú rẹ̀. Gbogbo ìyẹn yé mi. Ohun tó ṣe sí inú rẹ̀ ni kò yé mi.

Bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì ló wà níbẹ̀ nígbà tó rà á. Ó fi ayùn rẹ́ ẹ sí méjì, ó sọ ìdajì nù, ó gbé táǹkì omi síbẹ̀.

"Dádì, bẹ́ẹ̀dì yìí mà ti kéré."

"Ó tó."

"Ó tó ta ni?"

"Omi ṣe pàtàkì lóko," ló fi dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló ní kí n bá òun rán kọ́tìnnì sí àwọn fèrèsé rẹ̀. Ó ní kó nípọn, kí iná inú má hàn síta. Mo rán an. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ máṣíìnì ni mò ń bi ara mi pé, ọkùnrin tó fẹ́ dá sùn láàárín igi káṣú, ta ló ń fi iná pa mọ́ fún? Ìyá tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí aṣọ náà, ó bi mí, mo sì ṣàlàyé. 

"Ẹ lajú yín o," ló wí. "Ta ló ń ṣe ilé tuntun lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ní ẹni tó fẹ́ gbé síbẹ̀?"

Bí àwọn wẹ́dà ṣe ń fi jáàkì gbé kárafáànù náà sókè ni fáíbà abẹ́ rẹ̀ ti sán. Ọkọ mi ní àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì fà á lọ síbẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà ní mọ́ṣáláṣí, fóònù rẹ̀ sì ń dún lórí tábìlì. Mo gbé e.

"Ẹ káàsán, sà," ohùn obìnrin ni. "Mo ti gé ojú fèrèsé yẹn síbi tí ẹ ní kí n gé e sí, lápá ibi tí ẹ máa gbórí lé. Ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá wò ó?"

Mo pa á. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi dé, mo ní ẹnì kan pè é. Ó wo fóònù.

"Oní-fáíbà ni," ló wí.

"Obìnrin?"

"Oní-fáíbà ni mo sọ."

Nígbà tó tún lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé e. Mò ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ lójú ọ̀nà. Nǹkan kan ṣáà ń da ètò mi rú: bí obìnrin bá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, orí bẹ́ẹ̀dì wo làwọn méjèèjì fẹ́ sùn? Mo rò ó títí, kò yé mi, ìyẹn gan-an ló tún wá ń bí mi nínú.

Ọlọ́kadà tó gbé mi mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe táǹkì fáíbà. Mi ò bá ọkọ mi níbẹ̀. Obìnrin kan ni mo bá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ kárafáànù wa, ó fi aṣọ bo imú, eruku funfun bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó jáde, ó kúnlẹ̀ kí mi.

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ṣé ẹ̀yin ni ìyàwó bàbá?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ gbé fóònù ọjọ́ yẹn tí ẹ ò sọ̀rọ̀."

Mo ní èmi ni. Ó gbé àga fún mi, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ fáíbà ló ń fi sísọ́ọ̀sì gé, ó ń lẹ̀ ẹ́ lé ara wọn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun kẹ́míkà sí i. Mo fọwọ́ kan aṣọ náà bí mo ṣe máa ń fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà, ó sì ń yún mi títí mo fi délé. Mo wo obìnrin náà dáadáa. Mi ò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́ wíwò.

Ọkọ mi dé pẹ̀lú bóòtù àti nọ́ọ̀tì nínú ọ̀rá.

"Ìyá wa, kí lo wá ṣe níbí?"

"Mo wá ra síìpù."

"Níbí?"

Mò ń họ ọwọ́ mi. Ó jókòó sórí táyà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé ọ̀rá náà sílẹ̀.

"Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, inú ìgbẹ́ ni káǹpù tí à ń sùn sí máa ń wà," ló wí. "Láti ìgbà tí mo ti wálé, mi ò rí oorun sùn dáadáa. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́, kí o má lọ rò pé ìwọ ni mò ń sá fún."

"Ṣé èmi kọ́ lẹ ń sá fún?"

Ó rò ó kó tó dáhùn. Ìrònú yẹn dùn mí ju fóònù lọ.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀," ló wí.

"Ó dáa. Màá bá yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀dì náà..."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ rẹ́ ẹ."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ. Lẹ́yìn Ìkòyí-Ilé, ọ̀nà náà di ọ̀nà ẹsẹ̀ lásán. Mò ń bojú wẹ̀yìn nínú píkọ́ọ̀pù, mò ń wò bí kárafáànù ṣe ń fì sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó wọ odò, mo rò pé yóò dojú dé, ṣùgbọ́n ó gun òkè lódìkejì, abẹ́ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Àwọn abọ́ mi nìkan ló fọ́.

A kò tíì tú u kúrò lára mọ́tò tí àwọn ọdẹ fi yọ sí wa pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà lọ́wọ́. Àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ àwọn oko ibẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Ọkọ mi dárúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n mọ orúkọ náà, àmọ́ wọn ò mọ ojú rẹ̀. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn wá yíjú sí mi.

"Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀, ìyá. Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ọkọ mi ló fẹ́ máa sùn síbí."

"Ṣé kò nílé ni?"

"Ó nílé l'Ọ́yọ̀ọ́."

"Kí ló wá dé?"

Ohun tí èmi náà ti ń bèèrè láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. "Kì í rí oorun sùn nílé," ni mo wí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi, ó dún bí irọ́. Ọdẹ náà ń wò mí, ó dá mi lójú pé kò gbà mí gbọ́. Mo bá ṣí ilẹ̀kùn fún un. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ṣí ìdérí táǹkì, mo gbé fóòmù sókè. Ó ki orí bọ inú ilé náà, ó wo bẹ́ẹ̀dì, ó wo àwa méjèèjì.

"Ẹni méjì lórí èyí?"

"Mo mú ẹní wá," ni mo wí.

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó fi ibi tó yẹ ká gbé kárafáànù sí hàn wá, ó sì fún ọkọ mi ní nọ́ńbà rẹ̀.

Wọn ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ mi fi dùbúlẹ̀ tòun ti bàtà, tó sì ń hanrun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ kó hanrun bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síta lábẹ́ igi káṣú, mò ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, bóyá ó ń díbọ́n ni. Kò díbọ́n.

Ó ṣì ń lọ títí di òní. Bí iṣẹ́ kò bá pọ̀ lọ́wọ́ mi, èmi náà máa ń bá a lọ. Bó bá dá lọ, mo máa ń yẹ inú kárafáànù wò nígbà tó bá dé. Mo máa ń gbọn kọ́tìnnì, mo máa ń wo abẹ́ fóòmù. Ewé káṣú àti yanrìn ni mo máa ń bá níbẹ̀. Ó mọ̀ pé mò ń yẹ̀ ẹ́ wò.  Á ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu fún mi, á sì wọlé lọ wẹ̀.