Àwọn Tí Kò Ní Ọjọ́ Ìbí

Muhydeen Fàsásì kì í parọ́, ohun tó sì ń bí mi nínú sí i títí dòní nìyẹn. Ọmọ àdúgbò Àrẹ̀mọ n'Íbàdàn ni. Ìyá àgbà Sọ̀fíyàt, ìyá tó bí ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ dàgbà. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba ni wọ́n fi rán an dé yunifásítì. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bẹẹrẹ, lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan tó máa ń mú àwọn dókítà ojú wá ṣiṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ló ń bá wọn tọ́jú orúkọ sínú kọ̀ǹpútà, èmi Ọmọ́wùmí ni mò ń gbé fọ́ọ̀mù kiri agboolé.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn dókítà ní ọjọ́ márùn-ún péré làwọn máa lò, àwọn àgbà tó ti pé ọgọ́ta ọdún làwọn sì máa tọ́jú. Ojú Ìyá àgbà ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wa pé bí wọn ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́dún yẹn, òkùnkùn ló kàn, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù fún àgbà n'Íbàdàn ló mọ ohun tí à ń ṣe. Bí bàbá tàbí ìyá ò bá mọ ọjọ́ ìbí, a ó kọ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, a ó wá fojú bu ọdún. Ohun tí Ìyá àgbà mọ̀ ni pé àwọn ti já àkọ́bí àwọn lẹ́nu ọmú nígbà tí a gba òmìnira. Mo ti fẹ́ kọ 1940 sílẹ̀ nígbà tí Muhydeen di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ́wùmí, irọ́ nìyẹn. Ohun tí a ò bá mọ̀, máa fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo."

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fún gbogbo àwọn tí kò mọ ọjọ́ ìbí wọn.

Ó wá jókòó, ó kọ ìbéèrè tí kọ̀ǹpútà máa fi ṣa orúkọ: mú gbogbo ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde. Igba orúkọ ó lé méjìlá ló jáde. Kọ̀ǹpútà ò ráhùn rárá, àwa náà pàtẹ́wọ́. Mo ní kó wò ó bóyá orúkọ Ìyá àgbà wà níbẹ̀. Ó ní òun ò ní wo ti ẹbí òun, kí wọ́n má baà ní òun ń ṣojúsàájú. Olódodo!

Ọjọ́ márùn-ún ni Ìyá àgbà fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa, wọ́n wẹ̀, wọ́n da ìborùn funfun borí.

"Muhydeen, wọn ò tíì pè mí?"

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá àgbà. Ó máa kàn yín."

Lọ́jọ́ karùn-ún, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àwọn dókítà kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Ìgbà yẹn ni Muhydeen tó lọ wo inú kọ̀ǹpútà. Àyè òfo, tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní "null", kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe ọdún kankan. Bí o bá bi kọ̀ǹpútà pé ṣé ó tó ọgọ́ta, kò ní ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Á ní òun ò mọ̀. Ẹni tí kò bá sì ti lè sọ bẹ́ẹ̀ ni fún, kò ní mú un jáde. Ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ló já sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ìlà kan péré ló kù kó kọ: bí ọjọ́ ìbí bá ṣófo, mú un jáde, kí èèyàn fojú ara rẹ̀ wò ó. Kò lò ju ìṣẹ́jú kan lọ tó fi kọ ọ́. Ó pe àwọn dókítà, wọ́n ní ó di àmọ́dún.

Kí ààwẹ̀ tó dé, ojú Ìyá àgbà ti fọ́ pátápátá. Mo tẹ̀ lé Muhydeen lọ́jọ́ tó lọ jẹ́wọ́. Ó ṣàlàyé títí, Ìyá àgbà ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn ló ní òun ò mọ̀ pé mo dàgbà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà."

Wọ́n kọjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá.

"Kò burú. Ẹ̀rọ ò mọ̀ mí rí. Ìwọ ńkọ́?"

Mo wolẹ̀, torí èmi náà mọ̀ wọ́n.