Ipa Táyà Tí Edith Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Pa Rẹ́

Ìwé tí káńsù kọ sí Edith ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, pẹ̀lú fọ́tò méje tí wọ́n yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú. Ilẹ̀ Edith Tallentire ló wà nínú gbogbo wọn. Ó tutù yọ̀yọ̀, ó mọ́ nigínnigín, kò sí àmì kankan lára rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá ṣèèṣì rí wọn, mo máa ń dojú wọn délẹ̀. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ abúlé Skelgarth. Mo ti rí ìwé káńsù tó jẹ́ ìranù, mo sì ti rí èyí tó jẹ́ irọ́ funfun báláú. Ti Edith yìí ló ń rí mi lára títí di òní, nítorí kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Èmi àti Edith jọ lọ sí iléèwé ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì sì wà ní Kánádà. Ohun tó ní láyé kò ju ajá kan àti igba àgùntàn tó ń jẹ̀ lórí òkè Brackrigg lọ. Àwọn àgùntàn yẹn kò ní ọgbà. Ìyá ló ń fi ààlà òkè han ọmọ, ọmọ náà á dàgbà, á tún fi han tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ láti ayé baba baba Edith. Bí ènìyàn bá tà wọ́n, ó tán nìyẹn. Bó bá ra òmíràn kó síbẹ̀, kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n á ti máa jẹ òdòdó àwọn ará abúlé kejì.

Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, nígbà tí àgùntàn ku díẹ̀ kí wọ́n máa bí, alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Edith fi ń gòkè yọ̀ lórí koríko tútù, ó dojú dé, ó sì wó lé e lẹ́sẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ló fi wà nínú òjò kí wọ́n tó rí i. Dókítà fi irin dè é léegun, ó wá là á mọ́lẹ̀ fún un pé bó bá tún fi nǹkan yẹn gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, òkú ni wọn yóò gbé wá. Nítorí náà, ohun méjì ló kù fún Edith. Yálà kó la ọ̀nà olókùúta láti àgbàlá rẹ̀ dé ilé àgùntàn tó wà lókè, tàbí kó kó gbogbo wọn lọ sí ọjà oṣù kẹwàá.

A ò kàn ń la ọ̀nà lọ́dọ̀ wa. A gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ. Tábìlì mi ni a jọ jókòó sí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà.

"Ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀ péré ni," ni Edith wí. "Wọ́n ṣe bí ẹni pé pápákọ̀ òfuurufú ni mo fẹ́ kọ́."

"Fọwọ́ síbí."

"Mo ti fọwọ́ sí ibi mẹ́fà. Wọ́n tún ń bi mí bóyá àdán ń gbé ibẹ̀."

"Ṣé àdán ń gbé ibẹ̀?"

"Àdán tó bá ń gbé orí koríko, á jẹ́ pé ó ti mutí yó."

A lẹ ìwé ìkéde mọ́ géètì rẹ̀, kí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní ọ̀rọ̀. Ìyáàfin Crowhurst ni, ará Lọ́ńdọ̀nù tó ra iléèwé wa àtijọ́, níbi tí èmi àti Edith ti kọ́ ìwé kíkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń lò níbẹ̀ lọ́dún, ní àkókò Ọdún Àjíǹde. Ìyókù ọdún, ó ń fi háyà fún àwọn tó wá gbafẹ́. Lẹ́tà rẹ̀ kún ojú ewé mẹ́rin. Ó ní òkè náà ṣì wà bí Ọlọ́run ṣe dá a, pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí, àti pé ọ̀nà olókùúta yóò dà bí àpá lójú arẹwà. Mo ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ìríra mú mi, mo dìde lọ ṣí fèrèsé.

Ọwọ́ ènìyàn kò kàn án rí! Lọ́dọ̀ tiwa, ìtìjú ni ipa táyà. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ lórí pápá rẹ̀ di ìgbà ooru, bí obìnrin tí tòbí rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Baba Edith ló kọ́ ọ, Edith kò sì jẹ́ kó yẹ̀ rí. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹrin, ní ọjọ́ gbígbẹ àkọ́kọ́, á mú réèkì, ọ̀pá eléyín irin yẹn, á fi ìyẹ̀pẹ̀ dí ibi tí katakata àti alùpùpù ti gbẹ́, á fọ́n irúgbìn koríko sí i, á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bó bá fi máa di oṣù kẹfà, ìwọ ò ní mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ gba ibẹ̀ rí. Ogójì ọdún ló ti ń ṣe é. Kódà lọ́dún yẹn, tòun ti irin lẹ́sẹ̀, orí àpótí ló jókòó sí. Á tún ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé ṣe, á ti àpótí sókè díẹ̀, á tún jókòó. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí baba òun jí.

Oṣù kẹfà ni Ọ̀gbẹ́ni Lyle, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní káńsù, wá wo ibẹ̀, nítorí pé bàtà rẹ̀ kì í ṣe ti ẹrọ̀fọ̀ oṣù kejì. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àwa mẹ́ta dúró lẹ́nu géètì, Edith fara ti ọ̀pá rẹ̀.

"Mà, nǹkan kan wà tó rọrùn ju èyí lọ," ó ní. "Bí ọ̀nà bá ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ẹ ò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni mọ́. A kàn máa fún yín níwèé pé ó ti wà ni, ẹ ó sì da òkúta yín sórí rẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà kò lẹ́nu níbẹ̀. Ṣé ọkọ̀ ti ń gba ibẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ogójì ọdún," ni Edith wí.

Inú ọmọkùnrin náà dùn. Ó ṣí fáìlì rẹ̀, ó yọ fọ́tò méje náà. "Ní ọdún méjìméjì, nígbà ooru, ni wọ́n ń yà wọ́n. Mo ti fojú wá a títí, mi ò rí i. Níbo gan-an ni ipa rẹ̀ wà?"

Ibi tó yẹ kí n já Edith léèékánná nìyẹn. Mo mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Mo kàn dúró pẹ̀lú báírò lọ́wọ́ bí ère.

Edith nà ró ṣánṣán. "Kò lè sí ipa," ó ní. "Mo máa ń tún un ṣe. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ ò ní rí àmì kan. Kò sí ipa táyà lórí ilẹ̀ Tallentire."

"Mà, ṣé ó dá yín lójú pé ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ nìyẹn?"

"Kọ ọ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni kó o fi kọ ọ́."

Ó sì kọ ọ́. Nígbà tó lọ tán ni mo ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún Edith. Ó ń wo koríko rẹ̀ bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé níta. Èmi àti ènìyàn mọ́kànlá kọ lẹ́tà pé a máa ń rí i tó ń wa katakata gòkè. Káńsù dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wa kò lè borí fọ́tò méje àti ẹnu onílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Dougie Sewell gba ìwé tirẹ̀ pé ọ̀nà ti wà lórí ilẹ̀ rẹ̀. Dougie ni aládùúgbò Edith lẹ́yìn òkè. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrànmọ́ ni: láti ọdún méjìlá tí ìyàwó rẹ̀ ti kó jáde, kò tún nǹkan kan ṣe mọ́. Bí katakata rẹ̀ bá gbẹ́ kòtò, á da àwókù bíríkì sí i, á da táyà jíjẹrà sí i. Mo fojú mi rí ìdajì agbada ìwẹ̀ níbẹ̀. Nínú fọ́tò, láti òkè, ó hàn gbangba bí egbò tó ń ṣọyún. Ẹ̀rí ọdún méjìlá nìyẹn. Ọ̀nà ni, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Ìyáàfin Crowhurst kò kọ lẹ́tà kankan nípa rẹ̀, nítorí kò lè rí i láti fèrèsé rẹ̀.

Dougie wá fi ìwé náà hàn mí, ojú ń tì í. "Ẹ bá mi sọ fún Àǹtí Edith," ó ní. "Ká ní wọ́n lè dọ̀tí díẹ̀ bíi tèmi ni, nǹkan ì bá ti dáa fún wọn."

"Lọ wẹ̀, Dougie," mo dá a lóhùn.

Ní oṣù kẹjọ ni káńsù sọ fún Edith pé kò ṣeé ṣe. Wọ́n ní ọ̀nà náà yóò ba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tútù tí kò ní àbàwọ́n jẹ́. Edith kà á, ó fi ìka rẹ̀ sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà.

"Tí kò ní àbàwọ́n," ó ní. "Ta ni wọ́n rò pé ó ń fọ àbàwọ́n náà?"

Ọjọ́ tí wọ́n kó àwọn àgùntàn náà lọ sọ́jà, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Àwọn aládùúgbò mẹ́rin ló gbé katakata wá bá a, Dougie wà lára wọn. Wọ́n gòkè, wọ́n sọ̀kalẹ̀, títí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà fi ya sí méjì, ẹrọ̀fọ̀ dúdú tó jìn dé orókún. Edith jókòó sínú ọkọ̀ mi, kò wo ẹ̀yìn. Mo sunkún. Òun kò sunkún.

Ọdún Àjíǹde dé. Mò ń bá Edith bó ọ̀dùnkún nínú ilé ìdáná rẹ̀ nígbà tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyáàfin Crowhurst ni, ó wọ bàtà òjò tuntun.

"Ẹ má bínú, Ìyáàfin Tallentire. Àwọn àlejò mi ń béèrè àwọn àgùntàn yẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ń padà bọ̀?"

"Mo ti tà wọ́n."

"Gbogbo wọn? Ó mà ṣe o. Àwọn ló wà nínú fọ́tò tí mo fi ń polówó ilé." Ó nawọ́ sí òkè. "Ohun mìíràn ni àwọn ipa ẹlẹ́rọ̀fọ̀ tó wà lára òkè yẹn. Láti yàrá ni mo ti ń rí i. Ṣé ẹ ò ní tún un ṣe lọ́dún yìí? Ẹ sáà máa ń tún un ṣe."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Ẹ sáà máa ń tún un ṣe. Lọ́dọọdún, obìnrin yìí ń dúró lójú fèrèsé iléèwé wa, ó ń wo Edith pẹ̀lú réèkì lórí òkè tí ọwọ́ ènìyàn kò kàn rí. Ó rí i lórí àpótí. Itọ́ kún ẹnu mi, díẹ̀ ló kù kí n tu ú sí i lára.

Edith nu ọwọ́ rẹ̀ nù. Réèkì náà wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, aláǹtakùn ti ta òwú sí eyín rẹ̀.

"Mi ò ní tún un ṣe," ó ní. "Ẹ yà á ní fọ́tò, kẹ́ ẹ sì kọ ọjọ́ òní sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rí ni."

Ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì padà sídìí ọ̀dùnkún rẹ̀.