Pápá Tí A Gé Mọ́ Ilẹ̀

Gémọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ẹnu àwọn ará ìjọ ló sì ti gba orúkọ ọ̀hún. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti ń tọ́jú ọgbà ilé ìsìn, koríko ibẹ̀ kì í sì í ga ju èékánná lọ kí ó tó tún yọ dòjé sí i. Ó gbà pé àyíká ilé Olúwa kò gbọdọ̀ rí jákujàku, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ re ibi àgbà ń rè, tí ó fi màlúù mẹ́rin sílẹ̀ fún opó rẹ̀, Gémọ́lẹ̀ ló ń bá opó náà gé koríko tí màlúù ń jẹ. Wàrà àwọn màlúù náà ni obìnrin yìí ń tà jẹun. Pápá wọn kò tóbi. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, wáyà ni wọ́n fi ṣọgbà yí i ká. Bí Gémọ́lẹ̀ ti mọ̀ ọ́n gé náà ló ṣe gé e: mọ́ ilẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni ń fá orí ọmọ.

"Ọkọ mi," opó náà a sì wí, "pápá wa mọ́ ju ilé ẹlòmíràn lọ."

Òjò ṣì ń rọ̀ nígbà tí ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Gémọ́lẹ̀. Ewé tó ń yọ ti tín-ín-rín bí irun ọmọ tuntun, ilẹ̀ pupa sì ń hàn láàárín rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìdì kan wò. Ìdì náà tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ láìjanpata, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì gùn ju ìka lọ. Ó wá yé e pé ewé ni ẹnu tí gbòǹgbò fi ń jẹun, àti pé ẹnu yẹn ni òun ń gé kí òkèlè tó dọ́fun. Ẹ̀ẹ̀rùn sì ń bọ̀. Bí pápá bá kú, màlúù á kú. Bí màlúù bá kú, kí ni opó yóò jẹ?

Ó gbàdúrà lẹ́bàá wáyà kí ó tó lọ bá opó náà níbi tó ti ń fún wàrà.

"Ìyàwó wa, mo ti pa pápá yín."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò lè pa adìyẹ?"

Ó gbé ìdì koríko náà síwájú rẹ̀. Ẹ̀rín kú lẹ́nu obìnrin náà.

"Kí la ó wá ṣe?"

"Ẹ jẹ́ ká ti géètì. N ó máa ru koríko wá láti etí odò. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan pápá títí yóò fi dé orúnkún."

Odò jìnnà, ohun tó ń rù wá kò sì tó. Àwọn màlúù rù, wàrà lọ sílẹ̀, igbe wọn lẹ́bàá wáyà kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tí pápá tutù yọ̀yọ̀ tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, opó náà mú dòjé.

"Ọkọ mi, ó ti hù."

"Tiwa kọ́ nìyẹn. Oúnjẹ tó kù sínú gbòǹgbò ló fi hu ewé yẹn, kò sì tíì rí i dá padà. Ẹ bá gé e báyìí, ó lè má hù mọ́."

"Tí ebi bá pa wọ́n kú lónìí ńkọ́? Ṣé ara koríko ni n ó ti máa fún wàrà?"

Gémọ́lẹ̀ ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan rí. Bóyá ó tún ti ṣì í. Ohun kan ṣoṣo tó dì mú ni pé Ẹni tó pàṣẹ ìsinmi fún ènìyàn àti ẹranko kò gbàgbé ilẹ̀.

Opó náà gbé dòjé sílẹ̀, ó sì tú okùn màlúù tó dàgbà jù, èyí tí ọkọ rẹ̀ tó kú fẹ́ràn.

"Ẹ pe alápatà," ó wí. "Ohun tí ẹ̀ ń rù wá lè tó mẹ́ta."

Ó ń tó mẹ́ta, agbára káká. Ní ọjọ́ tí koríko dé orúnkún, opó náà ṣí géètì fúnra rẹ̀. Gémọ́lẹ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ wọn ìdí kọ̀ọ̀kan láti ilẹ̀, òkè ibẹ̀ nìkan ló sì gé. Nígbà tó parí, kò lè kúrò níbẹ̀. Ó dúró, ó ń wo kùkùté tútù tó ṣẹ́kù, bóyá yóò hù.