Olórí Tuntun Nílé Ìfọṣọ

Ohùn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bó bá fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wo ilẹ̀, á wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni pé ọmọ ń sùn nítòsí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣiṣẹ́ nílé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá kan. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ògiri, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ló ti ń dá ká aṣọ: aṣọ orí ibùsùn, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, aṣọ àwọ̀ ewé tí àwọn dókítà ń wọ̀ wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó lè ká ọgọ́rùn-ún kí ẹlòmíràn tó ká ọgọ́ta, igun á sì bá igun mu.

Nígbà tí olórí ilé ìfọṣọ fẹ̀yìn tì, máníjà ránṣẹ́ pè é. Ó rò pé wọ́n fẹ́ dá òun dúró ni. Máníjà ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló kàn láti jẹ olórí. Ẹni tí kì í pẹ́ dé, tí kì í jà, tí kì í ṣàṣìṣe, kí ni wọ́n tún ń wá lára olórí? Ó kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lé e lọ́wọ́, ó sì kí i kú oríire. Kò sọ fún un bí èèyàn ṣe ń darí èèyàn.

Èèyàn márùn-ún ló bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ọkùnrin tó ń da aṣọ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀-ò-tán, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Òmíràn ni Ìyá Àgbà, tí wọ́n ti wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń lọ aṣọ láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìyá Àgbà ló kọ́ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ níṣẹ́. Nígbà tó ṣì ń tọ́mọ lọ́wọ́, àwọn ló ń bá a ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́ tiwọn kó lè ráyè lọ fún ọmọ lọ́mú.

Ọjọ́ kìíní tó wọlé gẹ́gẹ́ bí olórí, ẹ̀rín tó ń lọ lọ́wọ́ dá wáí. Lọ́sàn-án, wọ́n ti gbé báàgì lé ibi tó máa ń jókòó sí láti jẹun. Ó pe ìpàdé. Ó ti fi ọjọ́ méjì ṣe ìdánrawò ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ níwájú dígí, ṣùgbọ́n ariwo ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ́ òun.

Ọ̀rọ̀-ò-tán ní, “A ń gbọ́, Olórí wa. Etí la kúkú fi ń gbọ́.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ ohun tí ì bá tún ṣe.

Láàárín oṣù kan, àṣẹ tuntun dé pé aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ ni kí wọ́n máa kọ́kọ́ lọ̀ láràárọ̀, kí aṣọ ibùsùn tẹ̀ lé e. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Àgbà, ó rọra sọ ọ́. Ìyá Àgbà mi orí bí ẹni tó gbọ́, wọ́n sì ń lọ aṣọ ibùsùn lọ. Ó tún un sọ lọ́jọ́ kejì àti lọ́jọ́ kẹta. Pàbó ló já sí. Ó ń dùn ún dé egungun pé ẹni tó fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀ ni kò ka òun sí. Nígbà tó délé, ó rò ó fún ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀. Ọkọ ní bí ẹnu rẹ̀ kò bá gbé e, kó jẹ́ kí ìwé bá a sọ ọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti gbé aláìsàn kan sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ kí wọ́n tó rí i pé kò sí aṣọ tó mọ́ nílẹ̀. Wọ́n gbé e padà, ó di ọjọ́ kejì. Máníjà ń béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ jókòó, ó kọ ọ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹta lòun sọ fún Ìyá Àgbà, tí wọn kò ṣe é. Ó buwọ́ lù ú. Kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Kò sì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí wọ́n ní kí Ìyá Àgbà máa lọ sílé, nígbà tó ku ọdún méjì kí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù wọn, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dúró sẹ́yìn wọn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú. Wọn kò wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀-ò-tán tó ń bá wọn di báàgì gbójú sókè.

Ó ní, “Ẹ lọ síwájú wọn. Wọn ò gbọ́ yín. Etí wọn ti lọ láti bí ọdún méjì.”

Ariwo ẹ̀rọ ló sọ wọ́n di adití. Gbogbo àwọn tó wà níbi ẹ̀rọ ló mọ̀, wọ́n ń fọwọ́ kan wọn léjìká, wọ́n ń nàka. Ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri nìkan ni kò mọ̀. Ó bi í léèrè ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun.

“Ìyá ló ní ká má sọ fún ọ̀gá kankan, kí wọ́n má bàa dá àwọn dúró. Ẹ̀yin náà sì ti di ọ̀gá.”

Ìyá Àgbà ti yíjú padà, wọ́n ń wo ètè Ọ̀rọ̀-ò-tán. Wọ́n ní, “Ẹnu àwọn yòókù ni mo fi ń gbọ́ràn, ọmọ mi. Tìrẹ kì í là.”

Ó sáré lọ bá máníjà pé kí wọ́n fún òun ní ìwé yẹn padà. Máníjà bi í bóyá irọ́ ló kọ. Ó ní rárá. Ó wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ etí. Máníjà ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó burú ju tàkọ́kọ́ lọ, ta ni yóò fi adití sídìí ẹ̀rọ tó lè jó èèyàn lápá? Ẹyin lohùn, tìwé tilẹ̀ tún le ju tẹnu lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní kí wọ́n dá òun padà sí yàrá ìká-aṣọ. Máníjà ní wọ́n ti gba ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ó lọ sílé Ìyá Àgbà. Lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ wọn obìnrin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní wọ́n ń sùn. Ìgbà kẹta, Ìyá Àgbà fúnra wọn jáde, wọ́n sì jókòó tì í lórí àga gígùn níwájú ilé. Ó dojú kọ wọ́n. Ó la ẹnu bí kò ṣe là á rí láyé rẹ̀, ó pariwo pé òun ṣẹ̀ wọ́n, pé òun kò mọ̀, débi pé obìnrin ilé kejì yọjú lójú fèrèsé. Ìyá Àgbà ń wo ojú pópó. Wọ́n gbá a pẹ́pẹ́ lórúnkún, wọ́n ní òtútù àárọ̀ yìí ń da eegun àwọn láàmú gan-an, wọ́n sì béèrè àlàáfíà ọmọ tó máa ń sáré lọ fún lọ́mú nígbà yẹn.

Ó ní ọmọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Kò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ ìyẹn náà.