Ẹ́ńjìnnì Tí Bàbá Mi Ń Fepo Sí

"Ṣé o ti fepo sí i lẹ́sẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo ní, "Èwo nínú méjèèjì, Bàbá?" Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ẹ́ńjìnnì rélùwéè ni wọ́n ń sọ. Méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ ìlagi tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí mi. Kékeré ni. Irin tó ń rìn lé lórí tóóró débi pé èèyàn lè fẹsẹ̀ kan tẹ tọ̀tún, kó fi èkejì tẹ tòsì. Iná igi ni wọ́n fi ń se omi inú rẹ̀. Ooru omi náà ló ń tì í. Ìtì igi ló ń wọ́ látinú igbó wá síbi ayùn. Ní báyìí, igbó fúnra rẹ̀ ló wá bá a.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti gbé e wá. Àwọn kan ní ọkọ̀ ojú omi ló kó méjèèjì dé. Àwọn kan ní ó ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà kan rí. Àwọn tó ń ṣa irin ti yọ nọ́ńbà ara rẹ̀ tà.

Bàbá mi ò dá sí ìyẹn. Ohun kan péré ni wọ́n fẹ́ mọ̀: èwo ni wọ́n ń koná fún nígbà ọ̀dọ́ wọn?

Lójú tiwọn, ti ẹ̀gbẹ́ ògiri ni. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn iná, kó má baà jó wọn, ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gbé agolo epo tí mẹkáníìkì ti lò dání, wọ́n á lọ máa kán an sí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi, nígbà tí wọ́n wà láyé, á ní, "Ẹ bá mi kí ìyálé mi o. Ẹ sọ fún un pé abọ́ wà nílẹ̀, kó wá fọ̀ ọ́."

Bàbá Dẹ́rẹ́bà, tó ń wa ẹ́ńjìnnì náà láyé ìgbà yẹn, á ti jókòó sórí ìtì igi dè wọ́n.

"Oníná, o tún ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ. Tiwa ló wà lábẹ́ igi lọ́hùn-ún."

"Ìwọ tí o wa ọkọ̀ sí kòtò lọ́sàn-án gangan, ojú wo lo fi mọ̀ ọ́n?"

"Ojú tí èéfín ò fọ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi bá wọn dá sí i.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá Dẹ́rẹ́bà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Oníná, nígbà tí ibà dá ọ dúbúlẹ̀ yẹn, tiwa bàjẹ́. Àwọn fítà tú èyí, wọ́n tú ìyẹn, wọ́n fi ara ọ̀kan tún èkejì ṣe. Ilẹ̀kùn rẹ wà níbí. Ẹsẹ̀ tiwa wà lọ́hùn-ún. Mo rò pé o ti mọ̀ tipẹ́, pé ò ń bá mi ṣeré ni."

Bàbá mi fi ìka nu ẹnu agolo. Wọn ò kán èyí tó kù mọ́. Bí a ṣe ń padà lọ sílé, wọ́n ní, "Ibẹ̀ ni mo lo ìgbà ọ̀dọ́ mi sí. Ó yẹ kí n mọ ibi tó wà."

Àìsàn ò jẹ́ kí wọ́n padà débẹ̀ mọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo yà nílé Bàbá Dẹ́rẹ́bà. Wọ́n ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Ta ni mo fẹ́ lọ bú níbẹ̀?"

Mo dá lọ. Mo kán epo sí ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, láti oríkèé dé oríkèé. Lẹ́yìn náà mo gbé agolo lọ sábẹ́ igi. Ìyẹn ti dógùn-ún gan-an, koríko ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo fa koríko tu. Mo fi ọ̀bẹ họ oríkèé àkọ́kọ́, mo dorí agolo kodò, mo ń kán an díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró kó wọlé.